Àlejò Tó Jókòó sí Nọ́ńbà Kìíní

Ẹjọ́ dé iwájú Ṣéèkì Dayfallah lánàá, irú èyí tí etí mi ò gbọ́ rí láti ìgbà tí mo ti ń bu kọfí ní gbọ̀ngán rẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ ewúrẹ́. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ kànga. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ní àkùkọ aládùúgbò òun máa ń fojú burúkú wo òun. Ṣùgbọ́n pé kọ̀ǹpútà lọ jókòó sípò àgbà, tí gbogbo abúlé wá ń jìyà rẹ̀, èyí kọjá ohun tí orí mi lè gbé.

Shtaywi ni orúkọ mi. Kọfí ni iṣẹ́ mi. Mi ò sí nínú ìgbìmọ̀, wọn kì í sì í bi mí léèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ní agbára tèmi. Ẹni tí mo bá bu kọfí fún díẹ̀díẹ̀ mọ̀ pé a ṣì fẹ́ rí i. Ẹni tí mo bá bu tirẹ̀ kún dé ẹnu ife, kó tètè wá bàtà rẹ̀.

Ìyá Hazza ló pẹjọ́. Aṣọ dúdú opó ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tó wọlé nírọ̀lẹ́, oje èso ólífì sì ti pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láró. Ó kí Ṣéèkì, ó kí ìgbìmọ̀, ó jókòó. Mo gbé kọfí fún un. Ó gbà á, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀, kò fẹnu kàn án.

Gbogbo ojú lọ sórí ife náà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú Ṣéèkì ti sọ̀rọ̀ kó tó la ẹnu: òun ò ní mu ún àfi bí wọ́n bá ṣe ohun tí òun bá wá. Bó bá dìde lọ tí kọfí yẹn wà nílẹ̀, ẹ̀tẹ́ Ṣéèkì ni, ẹ̀tẹ́ gbogbo wa ni, títí dé Tafila ni wọ́n á ti máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mu kọfí rẹ, Ìyá Hazza," ni Ṣéèkì wí.

"Mi ò mu."

"Kí lo wá?"

"Ẹ̀tọ́ mi lọ́wọ́ Mutlaq."

Mutlaq tó bá a wọlé rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo wa. Òun ni akọ̀wé ẹbu òróró, ibi tí gbogbo abúlé ti ń lọ èso ólífì wọn. Ọkùnrin sísanra ni, ó sì lawọ́ débi pé bó o bá fẹ́ gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, àfi kó o sáré. Bó o bá fi ẹsẹ̀ rìn, ó ti fà ọ́ wọlé nìyẹn, wàá jẹun títí wàá fi máa bẹ̀bẹ̀.

"Kí ni Mutlaq ṣe fún ọ?"

"Kí ẹ̀mí yín ó gùn, Ṣéèkì. Ẹ mọ̀ pé bàbá Hazza ti lọ. Ọdún yìí ni mo kọ́kọ́ dá kórè igi rẹ̀. Hazza wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, Rifa ọmọbìnrin mi lóyún, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi nìkan ni mo ká a. Mo kó o sápò, mo gbé e dé ẹbu, wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní kí n dúró kí ẹ̀rọ pe orúkọ mi. Mo dúró. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ò pe èmi, ẹ̀rọ ò pe ẹnikẹ́ni. Mo bi Mutlaq, ó ní kí n fara balẹ̀, àwọn ní àlejò. Ilẹ̀ tún ṣú, ó tún mọ́. Ẹ mọ ohun tí ólífì máa ń ṣe bó bá pẹ́ lápò, Ṣéèkì. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lónìí. Ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà dá dùbúlẹ̀."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí Ṣéèkì.

"Òróró rẹ̀ á kan. Ọ̀sẹ̀ yìí ni Rifa máa bímọ. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́! Kí ni mo fẹ́ fi pa á lára? Òróró kíkan? Kí òórùn rẹ̀ máa lé àwọn tó wá kí wa sẹ́yìn?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Òróró igi bàbá Hazza la fi ń pa ọmọ tuntun lára ní abúlé yìí, òróró àti iyọ̀ díẹ̀, kí egungun ọmọ lè le. Òun la fi pa àwọn ọmọ tèmi. Ó dùn mí dọ́kàn pé ti ọmọ-ọmọ onígi fúnra rẹ̀ ló wá fẹ́ bàjẹ́.

"Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ni Ṣéèkì wí. "Mutlaq, ó yá, fọhùn."

Mo gbé kọfí fún Mutlaq kí ọ̀fun rẹ̀ lè là. Ó gbà á. Àfi bó ṣe gbé tirẹ̀ náà kalẹ̀!

"Èmi náà ò mu," ló wí.

Ariwo sọ. Ṣéèkì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde.

"Ìwọ wo? Ìwọ tí wọ́n pè lẹ́jọ́!"

"Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ náà lẹ́nu, Ṣéèkì. Ohun tí mo bá wá ò ju pé kí ẹnikẹ́ni má dójú ti àlejò mi."

"Àlejò wo?"

"Kọ̀ǹpútà."

Mo wo ife méjì tó wà nílẹ̀, èéfín ń jáde lórí wọn. Ìbéèrè méjì, Ṣéèkì kan. Bó bá ṣe ti obìnrin yìí, Mutlaq á bínú lọ. Bó bá ṣe ti Mutlaq, obìnrin yìí á bínú lọ. Kò sì sí ẹni tó rántí pé kọfí ń tutù, àfi èmi tí mo dá iná rẹ̀.

"Tún un sọ," ni Ṣéèkì wí. "Mo ti ń dàgbà."

"Àna mi tó wà ní Aqaba, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gan-an, ló fi kọ̀ǹpútà ta ẹbu lọ́rẹ. Ọjọ́ Sátidé ló dé. Ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ó rẹ kọ̀ǹpútà?"

"Ẹ bá rí eruku ara rẹ̀! Mo nù ún. Mo gbé e sórí tábìlì. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́ kó lè dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ó wá ku nọ́ńbà."

"Nọ́ńbà kí ni?"

"Ṣéèkì, ní Amman, olú ìlú, bí wọ́n bá ti ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà á wá fúnra rẹ̀. Tiwa ti pẹ́ láyé. Ọwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kan, nọ́ńbà kan. Òun làwọn yòókù fi ń mọ ibi tó jókòó, kí wọ́n lè ránṣẹ́ sí i."

"Èwo ló ṣófo?"

"Ìkẹsàn-án nìkan."

"Ó tán. Kí ló dé tó ò fún un ní ìkẹsàn-án?"

Mutlaq wo Ṣéèkì bí ẹni pé Ṣéèkì ní kó fi koríko bọ́ àlejò.

"Ìkẹsàn-án kẹ̀? Ìkẹyìn pátápátá? Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí? Àlejò tó ti ilé àna mi wá! Kí ni ìyàwó mi á wí? Kí ni Aqaba á wí? Wọ́n á ní àwọn rán ọmọ sí Mutlaq, Mutlaq fi jókòó ti bàtà!"

Àwọn ìgbìmọ̀ ń kùn pé òótọ́ ni, òótọ́ ni. Ìyá Hazza pàápàá ti mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni kó tó rántí pé òun ló pẹjọ́.

"Èwo lo wá fún un?"

"Èwo là ń fún àlejò? Òkè, ìjókòó iyì! Mo fún un ní nọ́ńbà kìíní."

"Ṣé ìkíní ṣófo ni?"

"Rárá o. Àgbà kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, èyí tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti wọn ólífì ẹnìkan tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ń lọ. Òun ló ń tò wọ́n, òun ló ń sọ ẹni tó kàn."

"O mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀ dáadáa. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tán báyìí ni àlejò kọ ọ́ gàdàgbà sójú ara rẹ̀ pé ẹlòmíràn ń lo nọ́ńbà yìí."

"O wá ṣe kí ni?"

"Inú mi dùn."

Tíṣà Rajeh, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìwé, tó sì ka ara rẹ̀ sí ọpọlọ ìgbìmọ̀, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Inú rẹ dùn?"

"Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, Tíṣà! Bí àlejò bá wọlé, tá a ní kó bọ́ sókè, ṣé òkè máa ń ṣófo ni? Ẹnìkan máa ń wà níbẹ̀. Ẹni yẹn ló máa dìde! Ìgbà tí gómìnà wá kí wa ńkọ́, ṣé Ṣéèkì fúnra wọn ò dìde? Mo dúró kí àgbà kọ̀ǹpútà dìde. Kò dìde. Mo pa á, mo tún tàn án, bóyá oorun ló ń kùn ún. Ibi kan náà ló tún padà jókòó sí! Gbogbo ọdún tá a ti ń bá a gbé, a ò mọ̀ pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Òun ni kí Ìyá Hazza pè lẹ́jọ́, kì í ṣe èmi."

"Orúkọ tó ń bọ̀ láti ibi òṣùwọ̀n wá ńkọ́?" ni Ṣéèkì bi í.

"Ọ̀dọ̀ àlejò ni wọ́n ń lọ."

"Kí ni àlejò ń fi wọ́n ṣe?"

"Kò fi wọ́n ṣe nǹkan kan."

"Kí ló dé?"

"Àlejò ni, Ṣéèkì! Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa gbé iṣẹ́ fún àlejò ni?"

Ẹ̀rín bú. Kọfí dà sí mi lọ́wọ́, ó sì gbóná. Ṣéèkì gbé ọ̀pá sókè, ó ní kí àwọn ẹlẹ́rìí jáde wá.

Falah ló kọ́kọ́ wá. Òun ló ń darí ẹ̀rọ ọlọ ní ẹbu. Sánngbọndan ènìyàn ni, àpá rẹ̀ tó itan mi, ó sì jẹ́ ọ̀lẹ paraku.

"Ìwọ Falah, àpò ólífì kún ojú rẹ, o sì ń wò wọ́n. Kí ló dé tó ò fẹnu pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Falah wo òkè àjà.

"Ṣé kí n sọ ọ́, Ṣéèkì?"

"Sọ ọ́."

"Èṣí, ẹnu la fi pè wọ́n. Ilé òkè ní àwọn ló kàn, ilé ìsàlẹ̀ ní àwọn ni. Wọ́n fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń lu igi ólífì lu ara wọn. Ẹnìkan wá búra ní gbọ̀ngán yìí pé láyé, ẹnikẹ́ni ò tún gbọdọ̀ lọ ólífì àfi bí ẹ̀rọ bá pe orúkọ rẹ̀. Irùngbọ̀n ẹni náà funfun. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ṣéèkì fọwọ́ kan irùngbọ̀n ara rẹ̀.

"Ìbúra tó dáa ni," ló wí. "Máa bọ́rọ̀ lọ."

"Ọ̀rọ̀ Mutlaq yìí, irọ́ wà ńbẹ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn ò kọ ohunkóhun sójú ara rẹ̀. Mo wà ńbẹ̀, mi ò rí i."

"O wà ńbẹ̀, o ń sùn ńbẹ̀!" Àlájì Swaylim, ọlọ́dẹ ẹbu, ti dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. "Èmi gbọ́ ọ! Kọ̀ǹpútà pariwo gidi!"

"Àlájì, ẹ̀yin tí ẹ kì í gbọ́ ìró ẹ̀rọ ọlọ!"

"Kí ló wí?"

Tíṣà Rajeh fi ẹnu sí i létí. "Ó ní adití ni yín!"

"Irọ́ ló ń pa! Ojú mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ! Pupa ni!"

"Ẹ ní sùúrù," ni Ṣéèkì wí. "Falah, o ní o wà ńbẹ̀. Kí ni Mutlaq ṣe lẹ́yìn tó tẹ nọ́ńbà tán?"

"Ó gbé kọfí kalẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà."

"Kọfí tèmi ni!" ni Mutlaq kígbe.

"Tìrẹ kẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni tìrẹ tó wà lọ́wọ́ ẹ. O tún ń bi í pé àwọn ará Aqaba ńkọ́."

"Kì í ṣe kọfí rárá," ni Àlájì Swaylim wí. "Dàbínù ni. Dàbínù tó rọ̀ dáadáa."

"Kọfí ni, Àlájì."

"Dàbínù ni. Èmi ni mo jẹ ẹ́."

"Ẹ jẹ oúnjẹ àlejò!" Mutlaq di orí mú. "Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́! Inú mi sì ti ń dùn pé ó kúkú fẹ́ràn rẹ̀!"

Àwọn ìgbìmọ̀ ti ń yí gbirigbiri lórí tìmùtìmù. Tíṣà Rajeh ń fi omijé nu gíláàsì. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín," ni Ìyá Hazza wí.

Kò pariwo. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ólífì mi ń gbóná. Bàbá Hazza jókòó sínú gbọ̀ngán yìí pẹ̀lú yín títí ó fi kú. Ọmọ ta nínú yín ni ẹ ò fi òróró rẹ̀ pa lára? Mo rò pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó ń dìde. Ife rẹ̀ ṣì kún síbẹ̀. Mo wo Ṣéèkì, ojú rẹ̀ ti funfun bí irùngbọ̀n rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo tẹ orí ba lórí ìkòkò kọfí.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Ṣéèkì wí. "Mo bẹ̀ ọ́. Jókòó."

Ó ti pẹ́ tá a ti gbọ́ kí Ṣéèkì bẹ ènìyàn gbẹ̀yìn. Obìnrin náà jókòó, ṣùgbọ́n ó jókòó bí ẹni tó fẹ́ dìde.

Ṣéèkì ò bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mutlaq ló kọjú sí.

"Mutlaq, ọjọ́ wo lo ní àlejò rẹ dé?"

"Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán."

"Òní ńkọ́?"

"Wẹsidé."

"Wẹsidé, oòrùn sì ti wọ̀. Tíṣà, ìwọ tó o mọ ìwé, ọjọ́ mélòó ni àlejò fi ń jẹ́ àlejò?"

"Ọjọ́ mẹ́ta, Ṣéèkì, àti ìdámẹ́ta ọjọ́ lórí rẹ̀. Bí bàbá wa ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn."

"Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kì í ṣe àlejò mọ́. Ara ilé ni. Kó lọ pọn omi."

Ẹnu Mutlaq là sílẹ̀. Mi ò rí i kí ẹnu yẹn là rí láìsí oúnjẹ tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀.

"Ó yá, gbọ́," ni Ṣéèkì wí. "O ní ká má dójú ti àlejò rẹ. A ò dójú tì í. A fi í sókè, wọ́n fún un ní dàbínù, ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé, ó sì lé. Láti ìrọ̀lẹ́ yìí lọ, ara ilé ni. Ara ilé tó kéré jù níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òun ló dé kẹ́yìn. Bọ́ sí ẹbu ní òdìkejì ọ̀nà báyìí. Tẹ ìkẹsàn-án fún un. Kó jókòó ti bàtà, kó máa ṣiṣẹ́. Gbogbo orúkọ tó ti sọnù sọ́dọ̀ rẹ̀, tún wọn tẹ̀, ti Ìyá Hazza sì ni ìkíní. Falah, tẹ̀ lé e."

"Kọfí mi ńkọ́, Ṣéèkì?" ni Mutlaq wí. "Ẹ ti ṣe ohun tí mo wá. Ṣé kí n mu ún?"

"O ò tíì mu ún. Lọ."

Wọ́n lọ. A jókòó. Mo gbé omi kaná fún kọfí mìíràn nítorí mi ò lè jókòó lásán, mo sì ń rò ó pé bí ẹ̀rọ yẹn ò bá pe orúkọ, ilé yìí ò ní ṣeé gbé mọ́.

Nígbà tó yá, a gbọ́ tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè ẹbu ń hó. Ohùn Falah jáde. Ó ń ka ohun tí ẹ̀rọ kọ síwájú rẹ̀.

"Mari Salman! Mari Salman, ó kàn ọ́!"

Orúkọ bàbá Hazza ni. Orúkọ rẹ̀ ni igi ṣì ń jẹ́ nínú ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó rántí yí i padà. Falah pè é lẹ́ẹ̀kejì bí a ṣe máa ń pe ẹni tó lọ wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ níta. Ìyá Hazza fi etí aṣọ bo ojú. Kò sí ẹni tó wò ó. Ṣéèkì ń wo ọ̀pá rẹ̀, Tíṣà ń wo gíláàsì rẹ̀, èmi ń wo iná mi. Ọ̀dọ̀ wa, bí opó bá ń sunkún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé ká ní ohun mìíràn láti wò.

Ìgbà tí Mutlaq padà dé pẹ̀lú òógùn lójú, ẹ̀rọ ọlọ ti ń dún lódìkejì ọ̀nà.

"Ó ti jókòó sí ìkẹsàn-án," ló wí. "Kò kọ nǹkan kan sójú ara rẹ̀. Kò bínú."

"Ìyá Hazza," ni Ṣéèkì wí, "mu kọfí rẹ."

"Ẹ ṣeun, Ṣéèkì. Mi ò tíì mu."

"Mo mọ̀. Òróró á kan síbẹ̀síbẹ̀." Ṣéèkì gbéra láti ibi tó fẹ̀yìn tì. "Mutlaq, ta ló mọ àlejò ṣe jù nínú abúlé yìí?"

Mutlaq rò pé wọ́n ń yìn ín. "Èmi náà ni wọ́n ń dárúkọ, Ṣéèkì."

"Ẹni tó ń ṣe àlejò tó báyìí, ó yẹ kí wọ́n ṣe òun náà lálejò. Bílẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, ilé Ìyá Hazza ni wàá wà. Á fi ọ́ sókè, lórí tìmùtìmù tó dára jù. Òróró tó bá jáde láti inú àpò gbígbóná yẹn ni á fi ṣe ọ́ lálejò. Láàárọ̀, búrẹ́dì ni wàá máa tì bọ inú rẹ̀. Lọ́sàn-án, ó máa fi se ẹ̀wà fún ọ. Lálẹ́, ó máa fi din ẹyin fún ọ."

"Òróró kíkan?"

"Àlejò kì í béèrè irú oúnjẹ."

"Bí mo bá ní mo ti yó ńkọ́?"

"Á fi kún un. Ìwọ náà mọ̀ bó ṣe máa ń rí."

Ẹ̀rín tún fẹ́ bú, ṣùgbọ́n a kọ́kọ́ wo ojú Ìyá Hazza. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni obìnrin yìí ń gbé mì, àṣé!

"Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú òróró yẹn, ilé rẹ ni kó lọ. Òróró tó dára tó wà nílé rẹ, kó máa lọ sílé Ìyá Hazza. Ìyẹn ni pé ẹ pààrọ̀."

"Ọjọ́ mélòó ni mo fi máa wà níbẹ̀, Ṣéèkì?"

"Ọjọ́ mẹ́ta àti ìdámẹ́ta. A ò ní rẹ́ ọ jẹ."

Mutlaq mí kanlẹ̀. Ọkùnrin tó ti jẹun nínú gbogbo ilé tó wà láàárín ibí àti Tafila, ó ń rò ó pé òun á là á já.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" ló wí. "Mo lè máa lọ sílé mi?"

"Lẹ́yìn náà, kí lo ti di?"

Mutlaq ń wo ilẹ̀kùn. Tíṣà Rajeh ló dáhùn, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu: "Ara ilé."

"Ìyá Hazza," ni Ṣéèkì wí, "àgbà igi yẹn tó wà lẹ́yìn ilé rẹ, ṣé o ti ká a?"

"Ta ló máa ká a, Ṣéèkì? Bàbá Hazza nìkan ló máa ń gun ún. Ó ga jù fún mi. Èso rẹ̀ wà lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ara ilé rẹ á gun ún. Bó bá ti kó o délẹ̀, lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n á lọ̀ ọ́, orúkọ kankan ò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀. Òun ni ẹ ó fi pa ọmọ náà lára."

Gbogbo wa wo ikùn Mutlaq. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa ro ti igi yẹn.

"Ṣéèkì," ni Mutlaq wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "ẹ jẹ́ kí n kúkú sanwó ìtanràn."

"Ta ló sọ̀rọ̀ owó? Ṣé à ń bá ọ jà ni? À ń ṣe ọ́ lálejò."

Ìyá Hazza gbé ife rẹ̀, ó mu ún. Ó ti tutù bí omi kànga, ó sì mu ún tán, ó mi ife náà sí mi pé ó ti tó. Mutlaq náà gbé tirẹ̀, ó mu ún bí ẹni tó ń mu àgbo. Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún bu òmíràn fún un. Mo bu ú kún dé ẹnu.

Láàárọ̀ yìí mo gba iwájú ilé Ìyá Hazza kọjá. Mo lè gba ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n kí ló dé? Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mutlaq wà lókè lọ́hùn-ún, tìmùtìmù lápá ọ̀tún, tìmùtìmù lápá òsì, àwo òróró níwájú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ pàdé mi lójú títì.

"Ẹ jẹun o, Bàbá Nawwaf," ni Ìyá Hazza ń wí. Lánàá, "Mutlaq" lásán ló ń pè é. Lónìí, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi ń pọ́n ọn lé. "Ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan. Àbí oúnjẹ mi ò dùn ni? Ẹ sún sókè díẹ̀ sí i, ẹ̀yin lẹ ni ibẹ̀."

"Ó dùn, Ìyá Hazza. Ẹ ṣeun. Ó… ó dùn."

Rifa fẹ̀yìn ti ògiri nítòsí ibẹ̀ tòun ti ikùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí ìyá rẹ̀ fi ní kó rọra, kí ọmọ má bàa tètè jáde kí òróró tó délẹ̀.

Mutlaq rí mi. Ó na ìka sí fèrèsé ẹ̀yìn, níbi tí ewé ólífì ti dí gbogbo ojú ọ̀run.

"Shtaywi, ọ̀rẹ́ mi, má parọ́ fún mi. Igi yẹn, ṣé ó ga tó bó ṣe rí yẹn?"

"Rárá o, Bàbá Nawwaf," mo wí. "Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ ń wò yẹn."

Ìyá Hazza sì tún bu òróró sí i.